Ràfátù Àlùkò Dá Iye Lé Bitcoin

Bí ẹ bá dé Point Four, níbi tí àwọn ọkọ̀ àjàgbé ti ń tò láti wọ èbúté Freeport, ẹ má wulẹ̀ bèèrè ṣọ́ọ̀bù páàtì ọkọ̀, torí ṣọ́ọ̀bù páàtì pọ̀ níbẹ̀ bí èèrà. Ẹ bèèrè obìnrin Nàìjíríà tí kì í gba iye àkọ́kọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Wọ́n á mú yín débẹ̀, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń mú yín lọ. Ràfátù Àlùkò ni wọ́n ń mú yín lọ bá yẹn, ọ̀rẹ́ mi, àbúrò mi, ẹni tí mo ti bá jà jù ní gbogbo Monrovia.

Èmi ni Olúbùkọ́lá, ẹlẹ́ja tútù ti Gardnersville. Agboolé kan náà ni èmi àti Ràfátù ń gbé, yàrá wa dojú kọ ara wọn. Mo fi ọdún díẹ̀ jù ú lọ, nítorí náà ó ń pè mí ní Àǹtí Bùkọ́lá, àmọ́ ìyẹn ò ní kó má dá mi lóhùn. Bí ẹ bá gbọ́ ariwo wa láàárọ̀, ẹ ó rò pé a ò ní bára wa sọ̀rọ̀ mọ́ láyé. Kó tó di ọ̀sán a ti ń bu ìrẹsì àti ewé ẹ̀gẹ́ fún ara wa. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé bí mo ṣe fẹ́ yìn ín yìí, kì í ṣe pé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bú u.

Ọkọ rẹ̀ ló mú un wá síbí. Àlùkò bá àwọn sójà Nàìjíríà tí wọ́n wá pẹ̀tù sí ogun Làìbéríà wá, kì í ṣe pé òun fúnra rẹ̀ jẹ́ sójà, mẹkáníìkì tó ń tún ọkọ̀ wọn ṣe ni. Nígbà tí àwọn sójà palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, ó ní òun ò bá wọn lọ. Ó háyà ṣọ́ọ̀bù kan ní Point Four lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Flomo, ó sì ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀ ní Ìlọrin. Bí Ràfátù ṣe dé nìyẹn tí kò mọ páàtì kankan, tó fi di pé bí o bá gbé irin kan tí ọ́ìlì ti bò lé e lọ́wọ́ lónìí, á sọ irú ọkọ̀ tí wọ́n ti tú u wá fún ọ.

Ẹni tó múlé tì í níbẹ̀ ni Dorothy, obìnrin Bassa, ọmọ ilẹ̀ Làìbéríà, tó ń ta okùn àti tapólì tí wọ́n fi ń bo ẹrù ọkọ̀. Mùsùlùmí ni Ràfátù, Kìrìsìtẹ́nì ni Dorothy, ìyẹn sì bọ́ sí i fún àwọn méjèèjì. Ní ọjọ́ Jímọ̀, Dorothy á ṣọ́ ọjà Ràfátù títí yóò fi kírun dé. Ní ọjọ́ Ìsinmi, Ràfátù á ṣọ́ ti Dorothy. Bí àwa ọlọ́jà ṣe máa ń fi ọjà lé ara wa lọ́wọ́ ni wọ́n ń ṣe é. O kò ní sọ iye kan ṣoṣo fún ẹni tó ń bá ọ ṣọ́ ọjà. O máa ní, "Pe iye báyìí. Bí wọ́n bá yọ ọ́ lẹ́nu, jálẹ̀ rẹ̀ nìyí, má bọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀." Òun náà á wá lo ojú àti ẹnu rẹ̀. Á pe iye tó ga, á bá oníbàárà fà á, á bínú díẹ̀, á rẹ́rìn-ín díẹ̀, jálẹ̀ tí o sọ fún un yẹn sì ni ògiri tó fẹ̀yìn tì. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àṣà yìí gan-an ló kó Ràfátù sí wàhálà.

Ní ìgbà òjò tó kọjá, Àlùkò kú. Àìsàn ọjọ́ díẹ̀ ni. A sunkún títí ojú wa wú. Ọ̀gbẹ́ni Flomo wá bá wa kẹ́dùn, ó jókòó, ó mu omi, ó tún padà wá lẹ́yìn oṣù kan pé ọ̀rọ̀ kékeré kan wà. Ó ní ọkọ Ràfátù ni òun bá ṣe àdéhùn, ẹni tó fọwọ́ sí ìwé ti kú, àdéhùn náà ti bá a kú. Bí Ràfátù bá fẹ́ dúró sí ṣọ́ọ̀bù, kó kó owó ọdún márùn-ún wá lẹ́ẹ̀kan náà, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà dọ́là, kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí. Bí kò bá rí i, ẹnì kan wà nílẹ̀ tó fẹ́ fi ibẹ̀ ṣe ilé bẹ́ẹ̀tì, níbi tí wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Àjèjì kì í ra ilẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí, háyà la máa ń háyà. Ṣọ́ọ̀bù yẹn sì ni oúnjẹ Ràfátù, òun ni owó ilé ìwé Ayọ̀ọlá ọmọ rẹ̀ tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Àwọn awakọ̀ láti Ganta títí dé Buchanan, igun yẹn ni wọ́n mọ̀. Bí wọ́n bá lé e kúrò níbẹ̀, orí tábìlì ẹ̀bá títì ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ní ọjọ́ orí tó wà yìí. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ lọ bá Flomo nílé rẹ̀. Ràfátù ló dì mí lápá mú.

Gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju ẹgbẹ̀rún kan dọ́là lọ. Àmọ́ Ọlọ́run kì í sùn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ta ilé ìyá rẹ̀ ní Ìlọrin ni, Usamah àbúrò rẹ̀ tó wà ní Malaysia ló sì wà nídìí títà náà. Ó fi ìpín Ràfátù ránṣẹ́ láti báǹkì, báǹkì dá a padà. Ó tún fi ránṣẹ́, wọ́n tún dá a padà. Ló bá pè é, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n fi Bitcoin ránṣẹ́ sí yín."

Mo ní, "Ràfátù, kí ni wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́?"

Ó ní, "Owó inú fóònù ni, Àǹtí."

"Owó tí o kò lè fọwọ́ kàn? Ilé ìyá rẹ pẹ̀lú òrùlé àti kànga rẹ̀ ló fẹ́ wọ inú fóònù? Ọ̀rọ̀ ńlá!"

Ràfátù lọ pe Bádé. Bádé ń bá àwọn ènìyàn gba ẹrù jáde ní Freeport, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni èmi àti ẹ̀ ń lọ, ó sì ti pẹ́ díẹ̀ tó ti ń ra Bitcoin tó ń tà á. Ọmọlúàbí ni, kì í parọ́ fún ènìyàn. Ó ṣí ibi tí owó máa wọ̀ sí fún Ràfátù lórí fóònù rẹ̀, Usamah sì fi ránṣẹ́. Ó dé kí n tó din ẹja méjì tán. Ègé Bitcoin kan báyìí ni, kò tó odidi. Bí a bá tà á lọ́jọ́ yẹn, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin dọ́là ni yóò mú wá. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni Ràfátù sì nílò kí owó Flomo tó pé. Díẹ̀ ló kù, àmọ́ díẹ̀ náà ò sí.

Bádé ní kó fara balẹ̀, pé iye Bitcoin kì í dúró lójú kan, ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lójoojúmọ́. Ó jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ wa lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, ó ń ṣàlàyé.

"Mà, ọ̀nà tí ẹ lè gbà pàṣẹ kí wọ́n bá yín tà á ju ẹyọ kan lọ. Àkọ́kọ́ ni wọ́n ń pè ní máàkẹ́ẹ̀tì ọ́dà. Ẹ ní kí wọ́n tà á báyìí-báyìí, iye tó bá wà lórí ọjà lásìkò náà lẹ máa gbà."

Ràfátù pòṣé. "Iye tó bá wà lórí ọjà? Èmi? Ìyẹn ti àwọn tó ń sáré."

"Ó wúlò bí ènìyàn bá ń sáré lóòótọ́, Mà. Ìkejì ni límíìtì ọ́dà. Ẹ̀yin lẹ máa dá iye tẹ́ ẹ fẹ́. Bí ọjà ò bá dé ibẹ̀, wọn ò ní tà á. Ó lè dé ibẹ̀ lónìí, ó lè má dé ibẹ̀ láéláé."

"Èyí bá mi mu! Àbí ẹ gbọ́, Àǹtí? Ẹ̀rọ yìí mọ ọjà tà. Ìkẹta ńkọ́?"

Bó ṣe fẹ́ la ẹnu ni fóònù rẹ̀ dún. Kọ̀ǹténà oníbàárà rẹ̀ kan ti há sí ẹnu géètì Freeport. Ó dìde fùú, ó ní òun á sọ ìkẹta nígbà mìíràn, ó fò sínú kẹ̀ẹ̀kẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó lọ.

Ó di ọjọ́ Jímọ̀. Ràfátù ń múra mọ́sálásí, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Bí ọjà bá já lulẹ̀ nígbà tí òun wà lórí ìrun ńkọ́? Ó ronú bí ọlọ́jà ṣe máa ń ronú. Ó ti fi páàtì lé Dorothy lọ́wọ́, ó ti sọ jálẹ̀ fún un. Ó kù kí ó fi Bitcoin náà lé fóònù lọ́wọ́. Ló bá ṣí i, ó yan límíìtì, ó yan pé kí wọ́n tà, ó kọ iye sí i: ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àtààbọ̀. Nínú ọkàn rẹ̀, ohun tó ń sọ fún ẹ̀rọ náà ni pé, "Máa bá wọn fà á o, àmọ́ jálẹ̀ nìyí, má bọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀." Kò tíì wé gèlè rẹ̀ tán tí fóònù fi dún. Wọ́n ti tà á.

Ariwo tó mú wọ Gardnersville nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, yéè! Mo rò pé ẹnì kan tún ti kú.

"Olè ni wọ́n! Wọn ò pe iye kankan! Wọn ò bá ẹnikẹ́ni nájà! Bí mo ṣe sọ jálẹ̀ ni wọ́n gbé ọjà lọ!"

Bádé dé, ó gba fóònù náà, ó wò ó. Kò rẹ́rìn-ín, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyẹn, torí ẹ̀rín ti ń pa èmi pẹ̀lú omijé lójú. Ó ní, "Mà, wọn ò jà yín lólè. Ẹ wò ó, iye tó wà lórí ọjà ni wọ́n tà á, ó kù díẹ̀ kó pé ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin. Ẹ̀rọ yìí ò lẹ́nu tó máa fi nájà bíi Dorothy. Ẹ sọ fún un pé bí ẹ bá ti rí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àtààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ti gbà. Àwọn tó fẹ́ san jù bẹ́ẹ̀ lọ sì ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó tà á fún wọn lójú ẹsẹ̀ ni."

"Kí ni mi ò bá ti ṣe?"

"Ìkẹta tí mi ò ráyè sọ ni. Sítọ́ọ̀pù ọ́dà. Ẹ máa dá iye kan sísàlẹ̀ ibi tí ọjà wà, àṣẹ náà á sùn. Bí ọjà ò bá já débẹ̀, kò ní jí. Bó bá já débẹ̀, á jí, á tà á, kí ẹ má bàa bá a rì. Àmọ́ mi ò ní tàn yín o. Bí ọjà bá ń já bọ́ gan-an, ẹ lè gbà díẹ̀ sí i nísàlẹ̀ iye tẹ́ ẹ dá."

Èyí nìkan ló yé mi kíákíá, torí iṣẹ́ ẹja ni. Bí iná bá lọ tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, mo ní iye kan lọ́kàn mi. Bí ẹja bá ti rọ̀ dé àyè kan, mo tà á nìyẹn, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà mọ́, kó má bàa rà mọ́ mi lọ́wọ́. Mo sọ èyí fún Ràfátù, ó wò mí, ó ní, "Àǹtí, kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ láàárọ̀?" Mo fẹ́ gbá a létí.

Owó náà ti wá di dọ́là inú fóònù báyìí, kò gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀, kò sì tíì tó. Ohun tó wá dun ènìyàn ni pé láàárín ọjọ́ mélòó kan, Bitcoin tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ègé tirẹ̀ yẹn ì bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Orí mi gbóná.

"Rà á padà, Ràfátù! Rà á padà kíá kó tó gòkè sí i!"

Ó jókòó sórí àpótí, ó ń ṣa ìrẹsì. Ó ní, "Àǹtí, bí ẹ bá dá iye lé ọjà tí ọlọ́jà kọ̀, kí lẹ máa ń ṣe?"

"Mà á máa bá tèmi lọ."

"Ṣé ẹ máa ń sáré padà lọ sọ fún un pé ẹ ti fi owó kún un?"

"Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

"Bó bá fẹ́ tà, kí ló máa ṣe?"

Ta ni kò mọ̀? Bó bá fẹ́ tà, á pè ọ́ padà.

Ó pe Bádé, ó ní kó bá òun wo bí òun ṣe máa kọ límíìtì, àmọ́ ti rírà lọ́tẹ̀ yìí. Iye tó dá ni pé bí ègé tó ní tẹ́lẹ̀ yẹn bá sọ̀ kalẹ̀ dé ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àti ọ̀ọ́dúnrún, kí wọ́n fi gbogbo owó náà rà á. Bádé bi í bóyá ó dá a lójú, ó ní ọjà lè má dé ibẹ̀ mọ́. Ràfátù ní, "Mo mọ̀. Bí kò bá dé ibẹ̀, mi ò rà. Iye tí mo ní nìyẹn." Ó pa fóònù, ó lọ dáná.

Ẹ̀yin ará mi, ọjọ́ wọ̀nyẹn le. Ọjà ò sọ̀ kalẹ̀. Oṣù ń lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo lọ gbé ẹja fún un ní Point Four, mo bá onílé bẹ́ẹ̀tì nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi okùn ìwọ̀n wọn ògiri. Lójú oníbàárà, ọkùnrin náà ń wọn ògiri! Ó ń tọ́ka sí ibi tí tẹlifíṣọ̀n máa wà. Mo sọ̀rọ̀ sí i tí mi ò lè kọ síbí. Dorothy gbé ìdì okùn kan sọ́wọ́, ó wá dúró tì mí, ó ní, "My man, take your rope from the people wall oh." Ọkùnrin náà jáde. Nígbà tí mo yíjú, Ràfátù ti kọjú sí ṣẹ́ẹ̀fù tó ń to páàtì sí, ó ń sunkún. Obìnrin tí kì í sunkún níwájú oníbàárà! Mo dì í mú, ó ní, "Àǹtí, bí wọ́n bá gba ibí yìí, kí ni mo fẹ́ máa pe ara mi?" Ó dùn mí dé egungun.

Ó wá di ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e. Ní ọ̀sán, Bádé pè mí, ohùn rẹ̀ ga. "Mà, ọjà ti já! Gbogbo ènìyàn ló ń tà! Mo pe Ìyá Ayọ̀ọlá, fóònù rẹ̀ ò lọ!" Ó dájú pé kò ní lọ, orí ìrun ló wà, ó máa ń pa fóònù rẹ̀ ni. Mo fi ẹja sílẹ̀ fún ẹni tó wà nítòsí, mo wọ kẹ̀ẹ̀kẹ̀, mo ń pariwo mọ́ awakọ̀ títí a fi dé ẹnu mọ́sálásí. Àwọn ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde. Ràfátù rí mi, ẹ̀rù bà á.

"Tan fóònù rẹ! Tan fóònù rẹ!"

Ó tàn án. Ó wò ó. Ó tún wò ó. Ó wá gbé ojú sókè, ojú rẹ̀ ń dán.

"Àǹtí Bùkọ́lá, wọ́n ti pè mí padà!"

Wọ́n ti rà á fún un ní iye tó dá, kò fi sẹ́ńtì kan lé e, nígbà tó forí kanlẹ̀ níwájú Ọlọ́run rẹ̀. Torí pé ó rà á ní iye tó rọlẹ̀, ohun tó wá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti ju ègé ti àkọ́kọ́ lọ, ègé náà pẹ̀lú díẹ̀ lórí. Mo fò sókè níwájú mọ́sálásí, èmi Kìrìsìtẹ́nì. Mo gbàgbé pé àwọn àgbà wà níbẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, Bádé jókòó tì í. Ó ní áàpù tí wọ́n fi ń tà á lórí fóònù náà gbà kí ènìyàn kọ àṣẹ méjì pọ̀, bí ọ̀kan bá ti ṣẹ, èkejì á parẹ́. Ràfátù ní kí wọ́n tà á lókè bí ọjà bá padà dé iye tó wà lọ́jọ́ tí Usamah fi ránṣẹ́, torí pẹ̀lú díẹ̀ tó lé lórí yẹn, ó máa ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún lọ. Nísàlẹ̀, kí sítọ́ọ̀pù sùn sí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àti ọgọ́rùn-ún, kí òun ṣì rí nǹkan fi bẹ Flomo bó bá burú.

Mo ní, "Gbé iye ti òkè yẹn ga sí i díẹ̀. Ìgbà tó ti gòkè rí jù bẹ́ẹ̀ lọ ńkọ́?"

Ó ní, "Ṣọ́ọ̀bù ni mo fẹ́, Àǹtí. Ọ̀kánjúà baba àrùn."

Ọjọ́ kejì, ọjà tún ń já. Ó ń sún mọ́ sítọ́ọ̀pù díẹ̀díẹ̀. Mo ní kó gbé sítọ́ọ̀pù náà wálẹ̀, kó fún un láyè díẹ̀, bóyá ó fẹ́ padà gòkè. Lóòótọ́, mo bẹ̀ ẹ́. Ó dá mi lóhùn wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tí kò lágbára mọ́, "Bí mo bá sọ jálẹ̀ fún Dorothy, ṣé mo tún máa ń pè é láti mọ́sálásí pé kó bọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀? Bó bá bọ́ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ibo ló máa dúró sí?" Ó fi fóònù sábẹ́ ìrọ̀rí. Ọjà sún mọ́ iye náà tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé owó ata ló kù láàárín wọn. Ó dúró síbẹ̀, ó ń mí. Nígbà tó yá, ó yí padà sókè.

Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni kó lọ fi owó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣe èyí o. Àwọn tó sunkún ní ọ̀sẹ̀ yẹn pọ̀, Bádé náà sọ pé òun mọ púpọ̀ nínú wọn. Ohun tí mo rí ni mò ń sọ. Ọjà gòkè ní ọjọ́ Ajé, ó gòkè ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó sinmi, ó tún gòkè. Oṣù ku ọjọ́ méjì kó parí.

Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀. Awakọ̀ kan láti Ganta ń bá a fa iye bíréèkì, ó ti bínú lọ lẹ́ẹ̀mejì, ó ti padà wá lẹ́ẹ̀mejì. Fóònù dún. Ràfátù wò ó ní ẹ̀gbẹ́ ojú, ó fi sí àpò, ó yíjú sí awakọ̀ náà, ó ní, "Mo ti sọ fún ọ, mi ò lè gbà bẹ́ẹ̀." Ó bá a fà á títí ọkùnrin náà fi sanwó, ó wé bíréèkì náà sínú ìwé ìròyìn, ó kí i pé kó rìn re. Nígbà tí ọkọ̀ náà ti lọ tán ló tó yíjú sí èmi àti Dorothy, ó sì ké tó jẹ́ pé àwọn agbẹ́rù tó wà ní òdì kejì títì sọ ẹrù sílẹ̀.

"Wọ́n ti tà á! Iye tèmi! Iye tí mo dá ni wọ́n tà á!"

Dorothy jó. Mo jó. Àwọn agbẹ́rù tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ náà jó. Lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó iṣẹ́ wọn, ó ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún lọ dáadáa. Bádé mú un lọ bá oníṣòwò kan tó mọ̀ ní Bushrod Island, wọ́n sọ dọ́là inú fóònù di dọ́là ọwọ́, ó sì dì í mọ́ abẹ́ aṣọ rẹ̀ wálé.

Ọjọ́ tí oṣù parí, Flomo dé láàárọ̀ pẹ̀lú onílé bẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn rẹ̀ àti kọ́kọ́rọ́ tuntun lọ́wọ́. Gbogbo wa ti wà níbẹ̀: èmi, Dorothy, Bádé, àti Ayọ̀ọlá tó gba àyè kúrò ní ilé ìwé. Ràfátù kò bá wọn sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbé owó náà sórí káńtà, ó ní kí Flomo kà á. Flomo kà á, ó wò ó, ó tún kà á. Onílé bẹ́ẹ̀tì bojú wo ògiri tó ti wọ̀n, ó rọra jáde lọ dúró sí oòrùn.

Ẹ̀rín bọ́ sí ojú Flomo. Ó yọ ìwé àdéhùn jáde, ó ṣí bírò. Ó ní, "Ọkọ rẹ, ènìyàn dáadáa ni. Ṣé orúkọ rẹ̀ náà ni kí n ṣì kọ síbẹ̀?"

Ràfátù ní, "Rárá. O ní àdéhùn tó kọjá bá ọkọ mi kú. Kọ Ràfátù Àlùkò." Ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ wá sí iwájú káńtà. "Kọ Ayọ̀ọlá Àlùkò tì í. Èmi náà á kú lọ́jọ́ kan. Èyí ò ní bá mi kú."

Flomo wo ìyá, ó wo ọmọ. Ó kọ orúkọ méjèèjì síbẹ̀, gbogbo wa sì dúró títí ó fi kọ ọ́ tán.